Àgbò Tí Ó Jẹ Láwàní Lọ Sí Etí Òkun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ará ilé mi jí òpin ìtàn kan gbé mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó tíì tọrọ àforíjì títí di òní. Mo ti darúgbó. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ti gba oyè, mo sì ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń to ẹ̀rí sílẹ̀ kí a tó bínú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n to tèmi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ adùn wàrà tí ó ṣì ń gbóná, tí ẹ sì mọ bí eruku Ìlọrin ṣe ń kun ẹsẹ̀ ọmọdé nígbà ọyẹ́. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi dá a.

Ìgbà náà ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìdí jókòó ní ìlú wa. Ọkọ̀ ojú irin ti dé, ó ń kó iṣu, ó ń kó ẹ̀pà, ó sì ń kó àwọn ọmọ Ìlọrin lọ sí Èkó. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èkó, wà lára àwọn tí ó kó lọ. Iṣẹ́ rélùwéè ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún kan, bí àwẹ̀ ti ń parí lọ, ó ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun lẹ́yìn ìtúnu. Ó ní òun yóò mú wa lọ sí etí òkun. Ó ní òun ti rí àwọn òyìnbó níbẹ̀, tí wọn a fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àga aláṣọ, tí wọn a ṣí ìwé lé àyà, tí wọn a máa dá rẹ́rìn-ín.

"Àwa tí wọ́n bí sáàárín kìtábù," ni iṣẹ́ tí ó rán, "ṣé òyìnbó ni yóò wá máa fi ìwé kíkà yangàn sí wa? Kí àwọn ọmọ mú ìwé kan dání. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ o! Ìwé ẹ̀rín ni."

Háà! Òkun! Èmi tí omi tí mo mọ̀ kò ju ti kànga àti ti odò lọ. Inú mi dùn débi pé mo bu omi sínú ìkòkò tí ó ti kún, ó ṣàn dé ìdí ẹní ìrun, wọ́n sì ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù ni láti yan ìwé. Àáfáà ni bàbá mi, ilé kéwú wà ní iwájú ilé wa, ìwé sì pọ̀ nínú ilé náà ju iṣu lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ni yóò kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí etí òkun? Ọ̀kan ń sọ bí a ṣe ń pín ogún. Òmíràn ń sọ bí a ṣe ń wẹ òkú. Bàbá mi tilẹ̀ rò pé èyí tí ó sọ nípa òkú yẹn dára, nítorí ó kúrú.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ìdí ààrò ni ó máa ń wà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó ń dín dùńdú, òórùn òróró ẹ̀pà a sì gba gbogbo àgbàlá. Ó ní kí n máa ka ìwé kọ̀ọ̀kan sí òun létí. Èyí tí ó bá mú kí dùńdú jóná, òun ni a óò mú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í lórí àpótí, èéfín ń ta mí lójú. Mo ka ìwé ogún: dùńdú pọ́n rẹ́múrẹ́mú. Bùráímọ̀ gbé ìwé tí wọ́n fún un ní ilé ìwé ìjọba wá, èyí tí ó ní àwòrán màlúù.

Ìyá Àgbà wò ó. "Kí ni màlúù náà ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá Àgbà. Ó kàn jẹ́ màlúù ni."

"Lọ dá a padà, ọkọ mi."

Ìsàlẹ̀ àpótí bàbá mi ni mo ti wá rí gàfákà kan, àpò awọ tí àwọn àáfáà ń kó kìtábù sí. Ìwé tí ó wà nínú rẹ̀, bàbá àgbà wa tí ó ti kú ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, tí à ń pè ní ànjẹ̀mí. Ìtàn ni! Alíkálì kan, adájọ́ ìlú, fọ láwàní rẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó sá a sórí ọgbà, àgbò aládùúgbò sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Alíkálì ní níwọ̀n ìgbà tí láwàní òun ti wà nínú àgbò, òun ni ó ni àgbò. Aládùúgbò ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí láwàní alíkálì ti wà nínú àgbò òun, àgbò òun ni alíkálì, kí gbogbo ìlú wá kí i. Mi ò tíì ka ìyẹn tán tí èéfín dúdú fi bo wa. Dùńdú ti di èédú. Ìyá Àgbà ti di ikùn mú, ẹ̀rín ń pa á. A ti rí ìwé wa.

Ẹ rántí pé ìwé ayé ìgbà náà, a kì í rán an pọ̀. Ewé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a kó wọn sáàárín awọ líle méjì, a fi okùn dì wọ́n. Kí ewé má baà ṣìnà, akọ̀wé a máa kọ ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ewé tí ó kàn sí ìsàlẹ̀ ewé tí à ń kà lọ́wọ́. Ní ìparí pátápátá, a máa fi àdúà kádìí rẹ̀, kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wo ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó kà á, àti ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi.

Mo lè ka ìwé náà tán nílé. N kò ṣe é! Ìyá Àgbà máa ń sọ pé, ẹ̀yìn ni ẹran ń gbé nínú àwo ọmọ tí ó mọ oúnjẹ jẹ. Mo di ìwé mi padà, mo fi ẹran sílẹ̀ de etí òkun.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ lọ, Ìyá Àgbà fi tírà tuntun kọ́ mi lọ́rùn, awọ pupa, tí òórùn rẹ̀ kò tíì tán lára rẹ̀. "Òkun ò mọ ọmọ àáfáà," ni ó wí. "Má ṣe bọ́ ọ o, Mínátù. Má sì tú u." Bùráímọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé ó ń jowú ni.

Kí ni kí n sọ nípa ọkọ̀ ojú irin yẹn? Iná rẹ̀ jó mi láṣọ lójú fèrèsé, mo jẹ àádùn títí eyín fi ń ro mí, ìdùnnú kò sì jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí mo wá rí òkun, mo pariwo. Ó ń bú, ó ń yí, ó ń fọ́ funfun sí wa lẹ́sẹ̀. Bàbá Èkó tẹ́ ẹní sórí iyanrìn, ó wo òyìnbó kan tí ó ń kàwé ní ọ̀ọ́kán, ó sì wí sókè pé, "Mínátù, kà á kí wọ́n gbọ́!"

A pín ewé ìwé náà láàárín ara wa, olúkúlùkù ń ka tirẹ̀ bí ó bá ti kàn án, a fi ìkarahun tẹ ìyókù mọ́lẹ̀ nítorí atẹ́gùn. Síbẹ̀ atẹ́gùn já ọ̀kan gbà. Bàbá Èkó gbá tẹ̀ lé e nínú agbádá, mo sáré tẹ̀ lé Bàbá Èkó, tírà ń gbá mi láyà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. A rí i mú. A padà jókòó. Nínú ìtàn náà, wọ́n mú àgbò dé ààfin. Gbogbo ìlú pé. Ọba ní kí wọ́n bi àgbò fúnra rẹ̀ bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ewé parí síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ewé tí ó kàn ni: Àgbò dáhùn.

Àgbò dáhùn! Mo na ọwọ́ sí ewé tí ó kàn. Kò sí.

Mo gbọn gàfákà. Mo gbọn ẹní. Mo fi ọwọ́ walẹ̀ nínú iyanrìn bí adìyẹ. Bùráímọ̀ ń bá mi wá a, ó ń káàánú, ó ń pè mí ní "àbúrò mi dáadáa". Nígbà tí omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, Bàbá Èkó ní kí a parí ìtàn náà fúnra wa. Ó ní, "Àgbò dáhùn pé láwàní náà kò níyọ̀." Bùráímọ̀ gbóhùn sílẹ̀ bí ẹni ọlá: "Àgbò dáhùn pé kí wọ́n sún ẹjọ́ náà sí ẹ̀yìn Iléyá." Bàbá Èkó yí lulẹ̀, òyìnbó yẹn yíjú wò wá. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí, wállàhí, ìyẹn gan-an sì ni ó ń bí mi nínú jù. Ìtàn tí mo yàn kọ́, tí mo tọ́jú kọ́!

Ìgbà tí a padà délé ni òtítọ́ jáde. Mo sunkún sí Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ pé ewé mi sọnù. Ó ní, "Sọnù kẹ̀? Ọrùn rẹ ni ó wà." Ó ní ìparí ìwé ni àdúà arìnrìn-àjò máa ń wà, ọwọ́ ọkọ òun ni ó kọ ọ́, kí ló tún kù tí ó lè ṣọ́ ọmọ lójú òkun jù ú lọ? Bùráímọ̀ ni ó bá a yọ ewé náà. Bùráímọ̀ ni ó gbé e lọ fún oníṣẹ́ awọ kí ó rán an sínú tírà. Bùráímọ̀ yìí kan náà, tí ó bá mi walẹ̀ nínú iyanrìn!

Mo ní kí wọ́n tú u. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, lẹ́yìn náà ó dájọ́ pé tírà tí ó múni lọ tí ó múni bọ̀, a kì í tú u. Ìyá Àgbà ní kí n má sunkún mọ́, òun mọ òpin rẹ̀, ọkọ òun ti sọ ọ́ fún òun rí. Ó bẹ̀rẹ̀: "Àgbò dáhùn pé…" Ẹ̀rín gbé e. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tún gbé e, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Títí ó fi kú, kò sọ ọ́ kọjá ibẹ̀ rí. Nígbà tí Bùráímọ̀ ń ṣòwò lọ sí Gólù Kóòsì, òun ni wọ́n gbé tírà náà fún.

Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń lọ sí etí òkun Èkó nígbàkígbà tí ó bá wù wọ́n. Wọn a dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ìwé lẹ́bàá títì ní Post Office, wọn a fa ìwé mẹ́ta mẹ́rin yọ láìka ojú ewé kan. Ẹ̀rọ ti rán àwọn ìwé náà pọ̀, atẹ́gùn kò lè já ewé kan gbà, ìyá àgbà kankan kò sì lè fi ṣe tírà. Wọn a kà á dé àárín, wọn a fi bo ojú, wọn a sùn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bí ìwé rẹ̀ ṣe parí, ó ní òun kò rántí. Òpin ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tèmi kò sí lọ́wọ́ mi, ó sì ń jí mi lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, Àlááji Bùráímọ̀ tí ẹ jókòó nínú ilé bàbá wa lẹ́bàá Ọjà Tuntun lónìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Tírà náà wà lórí ìṣó lókè ibùsùn yín; mo rí i nígbà Iléyá tí ó kọjá. Ẹ ti lọ, ẹ ti bọ̀, ẹ kò tún rìnrìn-àjò mọ́. Kí ni ó ń ṣọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ létí òkun lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ rò ó fúnra yín ni, àbí ẹ ti ka ewé mi kí ẹ tó gbé e fún oníṣẹ́ awọ? Ẹ mú abẹ, kí ẹ tú u. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, èmi àti awò ojú mi. Kí ni àgbò dáhùn?