Ẹ̀kọ́ Tí Tíṣà Sàfúrátù Rí ní Ìsọ̀ Aránṣọ

Tó bá di ká sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ jẹ́ ká fún Sàfúrátù ní tirẹ̀. Ní ọdún 1974, gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wí nípa ẹ̀kọ́ ló ti há sórí. "Ọmọdé kì í ṣe ìkòkò òfìfo," ó kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀, "ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ́gbọ́n." Ọ̀rọ̀ dùn, àbí kò dùn? Àmọ́ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, alábẹ̀wò ilé-ìwé, wá dán an wò fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́, Sàfúrátù nìkan ló bèèrè, òun nìkan ló ṣírò, òun náà ló dáhùn! Àwọn ọmọ kàn ń wò ó ni.

"Tíṣà, ohun tí ẹ kọ dára," ni Adéníran wí. "Ta ló ń ṣe é?"

Sàfúrátù fìdí rẹmi. Bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ìtìjú gbé e dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlá. Àsíátù aránṣọ ni ìyá náà, kò mọ̀wé rárá. Jùmọ̀kẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ti gé ọrùn bùbá kéré jù.

"Wọ̀ ọ́ wò," ni Àsíátù sọ.

Orí há! Ẹ̀rín pa Jùmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Sàfúrátù na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀! Tó o bá bá a ṣe é, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Adéníran padà wá sí kíláàsì, ọmọ kan tó ń jẹ́ Mùstàfá ní bí ènìyàn mẹ́ta bá pín ọsàn méjìlá, márùn-ún márùn-ún ló máa kàn wọ́n. Ẹnu ń yún Sàfúrátù. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ méjìlá síwájú ọmọ náà. "Pín in wò."

Mùstàfá pín in fún ọmọ mẹ́ta: márùn-ún, márùn-ún, méjì. "Èmi ńkọ́?" ni ẹni tó gba méjì figbe ta. Mùstàfá họrí, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Adéníran wo aago. Òógùn bo tíṣà.

"Mẹ́rin ni, mà! Mẹ́rin!"

Adéníran bọ Sàfúrátù lọ́wọ́: ó yege. Alihamdulilahi! Ó sáré lọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá mi. Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà ní ọgbọ́n yìí?"

"Ìwọ ni," ni Àsíátù wí. "Nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ dìde ni mo máa ń sáré gbé ọ, o ò wá tètè rìn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọdún Iléyá ká mi mọ́, tí n ò ráyè gbé ọ, ọjọ́ náà lo rìn. Èmi gan-an ni mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."