Bàbá Yàsírù Ṣì Ń Kí Wọn

Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Bùnú wọ Kábbà rí ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Yàsírù kí ìjọba títí tí ìjọba fi gbàgbé ohun tó bá wá. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ rárá ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìlà iwájú ni wọ́n jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ìtàn tó dùn tó báyìí kò yẹ kó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọdún náà, ìjọba ní ọwọ́ òun kò gbé e mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò gé ìṣúná ètò ìlera àti ti ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn yóò sì ti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké pa, kí oníkálukú máa gbé àìsàn rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ilé ìwòsàn abúlé wa wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tì. Yàrá mẹ́ta péré ni, òrùlé rẹ̀ ń jò ní apá kan, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Juliet wà, agbẹ̀bí kan ṣoṣo tí a ní. Látífàt, ọmọbìnrin Bàbá Yàsírù, sì wà nínú oyún oṣù keje. Kí Juliet tó dé abúlé wa, Látífàt ti bí ọmọ kan rí, lẹ́yìn ọ̀kadà, lójú ọ̀nà Kábbà, nínú òjò. Ọmọ náà kò yè. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ èrò wọn ní gbọ̀ngàn kan ní Kábbà, Bàbá Yàsírù ló kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì.

Alága ìgbìmọ̀ tó wá gbọ́ tẹnu wa ni Ọ̀gbẹ́ni Benjamin Oyèbánjí, ọmọ Ìyárá, tó ti di èèyàn ńlá ní Lọ́kọ́ja. Akọ̀wé rẹ̀, omidan kan tó ń jẹ́ Lois, mú agogo kékeré lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi sọ̀rọ̀. Bó bá ti pé, agogo á dún, wọ́n á sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ onítọ̀hún. Tíṣà àgbà kan sọ̀rọ̀ títí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé "Nítorí náà" ni agogo dún. Nọ́ọ̀sì Juliet fi ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ sunkún, ìyókù kò sì tó ohun tí èèyàn ń fi gba ilé ìwòsàn là.

Ló bá kan Bàbá Yàsírù. Ó tún fìlà dé, ó gba gbohùngbohùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Okun" la fi ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa, bí àwọn mìíràn ṣe ń sọ "ẹ kú".

"Okun o, Benjamin ọmọ mi."

"Okun o, bàbá," ni alága dáhùn.

"Okun ìrìn o."

"Okun o, bàbá."

"Ilé ńkọ́? Aya ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni gbogbo wọ́n wà."

"Ìyá rẹ ní Ìyárá ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn ńkọ́?"

Lois tẹ̀ sí etí alága. "Ọ̀gá, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò?"

"Rárá o," ni Benjamin fèsì. "Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì ń kí mi ni."

Ẹ gbọ́, lọ́dọ̀ wa, a kì í dá ìkíni àgbàlagbà dúró, a kì í sì í dákẹ́ lé e. Bí wọ́n bá kí ọ tí o kò dáhùn, wọn kò ní bá ọ jà, ilé ìyá rẹ ni wọ́n máa lọ láti lọ béèrè irú ọmọ tí ó bí. Benjamin mọ èyí. Bàbá Yàsírù mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

"Orúnkún wọn ti fúyẹ́, bàbá," ni Benjamin wí.

"Alhamdulillahi! Níbo ni wọ́n ti rí oògùn gbà?"

Alága wúkọ́ díẹ̀. "Ilé ìwòsàn kékeré kan wà nítòsí wọn."

"Okun o fún ilé ìwòsàn kékeré náà! Ṣé òun náà ò sí lára àwọn tí ẹ fẹ́ tì?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu àga. Lois gbé agogo sókè, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

Bàbá kò tíì kúrò lójú kan. Ó yí sí àwọn èèyàn, ó ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti kí ní láti dìde kó dáhùn. Ó kí Pa Adédùntán, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu. Pa Adédùntán dìde lórí ọ̀pá. Ó kí àwọn ìyá tó gbé ọmọ jòjòló wá, wọ́n dìde, àwọn ọmọ sì fi igbe dáhùn. Ó ní, "Okun o, fìríìjì tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára wa!" Nígbà tí fìríìjì kò sí níbẹ̀, gbogbo ilé ló bá a dáhùn. Nígbà yẹn ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú tó ti di gbohùngbohùn mú.

"Okun oyún o, Látífàt."

Látífàt fi ọwọ́ ti àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Okun o, bàbá mi."

Bàbá wò ó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Okun o, ọ̀nà Kábbà."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. A mọ ohun tí ọ̀nà yẹn ti gbà lọ́wọ́ wa.

Bàbá Yàsírù wá kọjú sí i. "Alága, mo ti kí yín tán. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi báyìí o."

Lois sáré wo aago rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í," ni Bàbá wí, ó sì jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé ayé rẹ̀. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni, ó sì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ọ̀kadà tí táyà rẹ̀ jò wá, o ní láti sọ bí gbogbo ìdílé rẹ ṣe wà kí ó tó wá ibi tó jò. Ẹni tó bá ń kánjú a máa ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn dé abúlé kejì.

Ìkíni náà ló fi fẹ́ ìyàwó. Ọmọ Ògìdì ni Martha, díákónì sì ni bàbá rẹ̀, ó ní òun kò fi ọmọ fún ìmàle. Yàsírù kò jà. Àràárọ̀ ló ń lọ kí wọn. Á kí díákónì, á kí ìyá Martha, á kí ewúrẹ́, á béèrè bóyá igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé sùn dáadáa. Ẹ̀kọ díákónì á ti tutù kí ó tó dáhùn tán. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà pe àwọn ẹbí rẹ̀ jọ. "Ẹ fún un ní Martha," ló wí, "kí n lè jẹ oúnjẹ gbígbóná kí n tó kú." Martha ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ títí dòní, ọkọ rẹ̀ ló sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí pásítọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá wọlé bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fa ẹ̀rọ omi rẹ̀ jáde.

"Okun iṣẹ́ o," ni Bàbá kí i. "Ó wúwo, àbí? Ọmọ ta ni ọ́?"

Olè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ kí ó lè dáhùn. Ibi tí Bàbá ti ń béèrè ìyá àgbà olè ni wọ́n ti rí i pé ará ìlú Ìffẹ́ ni, ó sì bá Martha tan. Wọ́n fún un lóúnjẹ. Ó bá wọn gbé ẹ̀rọ omi padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, Bàbá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara rẹ gbóná. Gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kọjá o." Ibà ló ń ṣe ọmọ náà lóòótọ́.

Ẹ wá rí i, ọkùnrin náà kì í kí èèyàn kó gbọ́kàn sí ibòmíràn. Bó bá ní "Ikọ́ yẹn ńkọ́?", á dúró de èsì. Bí èsì rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tẹ̀lé ọ dé ọ̀dọ̀ Juliet. Juliet máa ń sọ pé ìdajì àwọn aláìsàn òun ni Bàbá Yàsírù kí débẹ̀.

Ṣé ìjọba wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lójú ẹsẹ̀? Ìjọba wo! Benjamin ní àwọn yóò wò ó. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í bẹ̀bẹ̀, kì í bínú. Ó kàn ń lọ kí Benjamin ní ọ́fíìsì ni. Ó ń kí maigádì, ó ń kí àwọn akọ̀wé, ó ń kí àlejò tó jókòó tì í, iṣẹ́ á sì dúró. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Lọ́jọ́ kan, Lois pe fóònù Juliet. "Wọ́n ti dá owó ilé ìwòsàn yín padà sínú ìṣúná. Ọ̀gá ní kí ẹ sọ fún Bàbá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣòpò wá mọ́."

Inú abúlé dùn! Wọ́n ń jó lójú títì, Pa Adédùntán ju ọ̀pá rẹ̀ nù, wọ́n sì bá a wá a títí. Bàbá Yàsírù nìkan ló ń wá bàtà rẹ̀.

"Níbo lẹ tún ń lọ?" ni Martha bi í.

"Lọ́kọ́ja. Wọ́n ṣe wá lóore, kí a má lọ dúpẹ́?"

Nígbà tí Benjamin rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó yára mú bírò. Kí ìkíni tó dé ìdajì, ó ti fi agbẹ̀bí kejì kún un, kí bàbá lè tètè máa lọ. Kò rántí pé a ní láti padà wá dúpẹ́ ìyẹn náà.

Ìyẹn ni ìdúpẹ́ tí Bàbá kò lè lọ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. A gbé e sáré dé ilé ìwòsàn wa, kò jìnnà, wọ́n sì tètè tọ́jú rẹ̀. Juliet ní bó bá jẹ́ Kábbà la fẹ́ gbé e dé ni, òkú la ò bá gbé débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni Ọlọ́run tún fi kún un. Ó dùn wá gan-an láti rí ẹnu yẹn tó dákẹ́. Àwa tí à ń sá fún un tẹ́lẹ̀ wá ń tò lẹ́nu ọ̀nà láti kí i. Benjamin náà wá láti Lọ́kọ́ja, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá Yàsírù jáde láyé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, Látífàt bímọ ní yàrá kejì, ògiri kan péré ló wà láàárín wọn. A gbọ́ igbe ọmọ. Omijé ń ṣàn lójú bàbá. Agbẹ̀bí kejì gbé ọmọ náà wá, obìnrin ni, ó pọ́n, ó sanra, ó ń jà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí apá òsì bàbá, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wo ọmọ náà. Ètè rẹ̀ mì, ó tún mì, ohùn kankan kò jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń sọ.

Juliet kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pariwo níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dáhùn, òun náà ni ohùn rẹ̀ sì lọ sókè jù: "Okun o, bàbá!"