Ọmọ Àyálò

"Ọmọ alágbẹ̀dẹ!"

Ojú fèrèsé arúgbó kan ni ohùn náà máa ń gbà jáde, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá ti lé àwọn àgbà wọlé tí ó sì ku àwa ọmọdé nìkan lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, n óò dá eré dúró, n óò sì dáhùn.

"Ìyá, mo wà ńbí o!"

"Ṣé ara rẹ le?"

"Ó le, Ìyá."

"Máa ṣeré lọ, ọkọ mi."

Èmi kọ́ ni ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ni bàbá mi. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ti kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yìn ilé wọn ni wọ́n sin ín sí. Ká ní ó wà, ẹgbẹ́ mi ni ì bá jẹ́. Àwọn ìyá wa ti pín àwọn ọmọ tó ti kú fún wa, kí a máa dáhùn dípò wọn. Ọmọbìnrin ojúlé kejì ló ń jẹ́ ọmọ onígaàrí, àbúrò rẹ̀ ló ń jẹ́ ọmọ aláró. Wọ́n ní ẹni tí kò bá dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe èyí tí ó ń jẹ́ kò ní jẹun alẹ́. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ àgbà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnu mi kún fún máńgòrò nígbà tó pè. Kí n tó gbé e mì, ohùn kan ti dáhùn, ohùn ọmọdé tó tinrín: "Ìyá, mo wà ńbí o." A wo ara wa. Kò sí ẹni tó la ẹnu nínú wa. Arúgbó náà ní, "Máa ṣeré lọ, ọkọ mi," bó ṣe máa ń wí. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ má gbà á gbọ́, èmi kò jẹ ohunkóhun lábẹ́ igi náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Agbẹ̀bí àdúgbò wa ni arúgbó náà, ní Muṣin, ní ìgbà tí igbó ṣì wà láàárín àwa àti Ìpọ̀nrí. Mo ti dàgbà báyìí ju bí òun ṣe dàgbà nígbà náà lọ, nítorí náà "ó" ni n óò máa pè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń bọ̀ nínú ìtàn yìí pẹ̀lú. Òun náà, "ó" ni n óò pè é, ó sì tọ́ sí i.

Yàrá agbẹ̀bí náà ṣókùnkùn, ó tutù, ó ń ta òórùn òrí, efinrin àti èéfín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í jáde. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bíi ti ẹja tí wọ́n sè. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ríran. Àwọn tó ń rọbí ni wọ́n ń wá bá a, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí n kò lè sọ tán. Bí aboyún bá wọlé, á kí i, á kí ilé ọkọ rẹ̀, á bèèrè ìyá tó bí i lọ́mọ, á fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, á jẹ́ kí ìyá ọkọ jókòó tì í. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ní dìsìpẹ́ńsárì, ilé ìwòsàn tó wà lápá Yábà, orí bẹ́ǹṣì ni wàá jókòó sí títí oòrùn á fi yí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í kí èèyàn. Á ní kí o na èékánná rẹ kí òun wò ó, á sì bi ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ pé ìgbà wo lo wẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn obìnrin àdúgbò wa máa ń sín nọ́ọ̀sì náà jẹ nídìí kànga, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

"Èmi? Kí n gbé oyún lọ gba èébú?"

"Á ní kí o ya ẹnu, bí ẹni ń ra ẹṣin!"

Ohun kan ni agbẹ̀bí wa ń ṣe tí nọ́ọ̀sì kì í ṣe. Bó bá ti gé ìwọ́ ọmọ tán, tó ti so ó, á na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ààrò, á ha erùpẹ̀ ara ògiri, á lọ̀ ọ́ títí á fi kúná bí àtíkè, á sì fi ra ojú ìwọ́ náà. Ó ní ọmọ tí ilẹ̀ ilé bá ti wọ ara rẹ̀ kò ní ṣìnà lọ síbòmíràn.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà yè. Àwọn mìíràn, kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹnu wọn á pa dé. Wọn kò ní lè fa ọmú mọ́. Ara wọn á le gbagidi, ẹ̀yìn wọn á tẹ̀ bí ọrun, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ilẹ̀kùn tàbí tó gbé ìkòkò kalẹ̀, á tún le sí i. Ojú wọn á wá dà bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n ń bá lọ.

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Àṣà wa ni pé tí ìyá ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, á gbé ọmọ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, kí agbẹ̀bí fi ọwọ́ kan orí ọmọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú ńkọ́? Òun náà á lọ. Kò sí ẹni tó lè wọlé tọ arúgbó tó ṣe é lóore kí ó wí fún un pé oore náà ti di òkú. Wọ́n á yá ọmọ. Ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ó ní ọmọkùnrin kan tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Dìsìpẹ́ńsárì ló bí i sí, wọ́n sì ń fi ìyẹn bú u. Ọmọ rẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń yá. Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni wọ́n ń gbé e lọ síwájú arúgbó, lónìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹni yìí, lọ́jọ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹlòmíràn, arúgbó á sì fi ìka tọ orí rẹ̀ yíká, á ní, "Ọmọ mi ti pọ̀ ní Muṣin."

Ìyá mi lóyún nígbà náà. Àbúrò tó tẹ̀lé mi lẹ́yìn ti lọ pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn lójú. Ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè wá bá ìyá mi ní ọ̀sán kan níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì, ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ní erùpẹ̀ yẹn ló ń pa wọ́n. Mo jókòó tì wọ́n, mo gbọ́ ọ. Ìyá mi kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n lọ bí i ní Yábà."

"Kí wọ́n lè máa wo ìdí ìyàwó ilé wa bí ìdí ewúrẹ́?"

"Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Ìyá kí wọ́n má fi erùpẹ̀ sí i."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n kọ́ ẹni tó gbẹ̀bí mi ní iṣẹ́ rẹ̀? Ìyàwó, ṣé ara rẹ yá?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹnì kan sọ. Gbogbo wọn mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ mìíràn kú dípò kí ojú ti arúgbó kan.

Àárọ̀ ni ìyá mi bí i, ọkùnrin. Ìta ni wọ́n fi mí sí, mo dúró ti ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ igbe ọmọ. Mo gbọ́ tí arúgbó bèèrè pé, "Ṣé kí n ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é?" Ìbéèrè yẹn yà mí lẹ́nu, nítorí kò bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé ó ń fún wọn láyè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, Ìyá. Ọwọ́ yín tù wá lára." N kò gbọ́ ohùn ìyá mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni èékánná lára ògiri.

Àbúrò mi lọ ní ọjọ́ tó yẹ kí a sọ ọ́ lórúkọ. Bí bàbá mi ṣe ń gbé àga wọlé, ìró ẹsẹ̀ àga náà ló mú kí ara ọmọ náà le kẹ́yìn.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ yá ọmọ rélùwéè wá. Ìyá mi ní òun kò lè lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi so gèlè fún un fúnra rẹ̀, ó sì fa apá rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi gbé ọmọ náà tẹ̀ lé wọn, nítorí ìyá mi kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn án.

A kúnlẹ̀. Mo gbé ọmọ náà lé arúgbó lẹ́sẹ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti àtàrí dé iwájú orí, dé etí, dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kan ẹnu. Ọmọ náà gbá ìka rẹ̀ mú, ó gé e jẹ.

Ìka náà dúró.

"Eyín," arúgbó wí.

Mo gbọ́ omi tó ń hó nínú igi tútù nídìí ààrò.

"Ọmọ ogójì ọjọ́ ti hu eyín."

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá," ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí kíá. "Ọwọ́ yín ń mú ọmọ dàgbà!"

Arúgbó yí ojú funfun náà sí mi, bí ẹni tó ń rí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àbúrò rẹ nìyí?"

"Rárá, Ìyá. Àbúrò mi ti kú."

Etí mi dún kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbá mi. "Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Àgbà lò ń sọ ìyẹn fún?"

"Má nà án." Ohùn arúgbó lọ sílẹ̀ gan-an. "Ìyàwó, òótọ́ ni?"

Ìyá mi dojú bolẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ ṣeun, Ìyá. A dúpẹ́."

Arúgbó gbé ọmọ náà padà fún mi. Ó yí sí ojú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, ọmọ onígaàrí, ọmọ aláró, ọmọ gbogbo àwọn tí ó rántí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà níta ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti kọ́ wa, "Ìyá, mo wà ńbí o!" Ohùn tó ń dáhùn sì pọ̀ ju àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ. Arúgbó tẹ́tí sí gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó sọ pé, "Ẹ dákẹ́." Wọ́n dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò gbẹ̀bí mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá gbé aboyún dé, á ní, "Ẹ lọ sí Yábà," á sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n ń bú u. Nídìí kànga, wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní orí rẹ̀ ti dàrú, pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn mọ́. Ní gbogbo ọdún tí ọmọ ń kú lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́ ẹ̀sùn kan. Wọ́n wá agbẹ̀bí mìíràn rí lápá Ìtìrẹ́, ẹni tó ń kí èèyàn dáadáa tí ó sì mọ erùpẹ̀ lọ̀. Kò sí ẹni tó wọ yàrá arúgbó náà lọ dúpẹ́ mọ́ títí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n kọ "ìyá rere" sí ara ibojì rẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí ni, n kì bá tí jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Èmi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo gbẹ̀bí títí ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì. N kò gba ọpẹ́ ẹnu lọ́wọ́ obìnrin kankan rí tí n kò kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé kó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí n tú aṣọ ara ọmọ náà, kí n wo ìwọ́ rẹ̀, kí n fi ìka kan ẹnu rẹ̀ bóyá á fà á. Mo ń bá wọn jà nítorí èékánná, mo ń bá ìyá ọkọ wọn jà nítorí erùpẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dájú ni mí. Wọ́n ní n kò lọ́yàyà, pé ẹnu mi burú ju ti gbogbo nọ́ọ̀sì Èkó lọ. Ojú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́, lórí bẹ́ǹṣì tí mo fi wọ́n sí. Àwọn ọmọ wọn wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń gbọ́.