Kẹ̀kẹ́ Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Máa Dàgbà Bá

Títí di òní, bí mo bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà kọjá, tí òórùn rọ́bà tuntun kọ lù mí, ọjà Àpòmù ni mo máa ń bá ara mi. Kì í ṣe apá ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu tàbí gàrí o, bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn onípáànù, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì tutù. Wọ́n fi okùn so àwọn kẹ̀kẹ́ rọ̀ sára igi àjà, bébà tí wọ́n fi wé wọn láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, òórùn rọ́bà àti gíríìsì sì kún ibẹ̀ débi pé ó ń ta èèyàn lọ́fun. Bàbá wa dúró láàárín, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lápá ọ̀tún wọn, èmi wà lápá òsì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òṣùpá ààwẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Bí mo bá ní kí n gbàgbé ọjọ́ náà, imú mi kì í gbà fún mi.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Ìkirè là ń gbé. Bàbá ń dáko kókó lọ́nà Ararọ̀mí-Òwu, ìyá wa sì ń dín dòdò tà létí títì, dòdò dúdú aláta tí àwọn èrò ọkọ̀ Ìbàdàn máa ń nawọ́ gbà lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí wọn. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ìwọ náà á ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí: ẹyinjú rẹ̀ máa ń pọ́n, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, gbogbo ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sọ yìí, a ti ga dọ́gba. Àwọn tí kò mọ̀ wá a máa pè wá ní ìbejì, inú á sì bí i. Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń kí i, torí bí mo bá ṣèèṣì pè é ní "o", ìyá wa á fi ọmọrogùn kàn mí lórí.

Ilé-ìwé girama kan ní Àpòmù ni Bọ̀ọ̀dá ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti Ìkirè máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn létí títì, wọ́n á máa tẹ aago kẹ̀kẹ́ wọn kiri bí ẹni pé àwọn ló ni ọ̀nà. Òun á wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà, á há sáàárín àpò gàrí, àwọn ọmọ wọ̀nyí á sì máa juwọ́ sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá lára wọn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí òun náà gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ láti Ìkirè dé Àpòmù, kí ẹnikẹ́ni má tì í, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e. Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù débi pé ìyá wa ti ń pe Ọlọ́run sí i létí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ṣáà dìde fún mi. Ohunkóhun tó o bá fẹ́, màá rà á." Bọ̀ọ̀dá dìde. Kẹ̀kẹ́ ló fẹ́, kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ gbẹ̀nderu tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ru kókó, kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí bàbá ṣe ta kókó ọdún náà tán, wọ́n kó wa lọ sí Àpòmù.

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ náà gbé méjì sọ̀ kalẹ̀ fún wa, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan pupa. Ohun gbogbo lára wọn bára mu àfi férémù, ìyẹn egungun wọn. Ti búlúù kéré, ti pupa ga. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ sọdá ẹ̀, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Bí ọ̀pá òkè yìí ò bá ti kàn án lábẹ́, sáìsì ẹ̀ nìyẹn." Bọ̀ọ̀dá gbé ẹsẹ̀ sọdá èyí búlúù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ búréèkì, ó fi í sílẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì rí nǹkan tuntun kan tó bá ẹ̀gbọ́n mi lára mu bẹ́ẹ̀ rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ bí òmùgọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Nílé wa, kò sí ohun tuntun tó ń bá ọmọ mu lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Aṣọ Iléyá á máa wọ́ nílẹ̀, ìyá wa á ṣẹ́ ẹ létí, á fi abẹ́rẹ́ lé e. Bàtà á tóbi, wọ́n á ki òwú sí i nímú. "Á dàgbà bá a," ọ̀rọ̀ tán. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tú ìṣẹ́tí gáùn tèmi sílẹ̀. Wọn kì í tú ti ṣòkòtò Bọ̀ọ̀dá. Ṣòkòtò náà á gbó, á ya lórúnkún, ìṣẹ́tí rẹ̀ á ṣì wà níbi tí ìyá wa rán an sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ilé wa.

Bàbá wo Bọ̀ọ̀dá lórí kẹ̀kẹ́ búlúù yẹn títí. Wọ́n ní, "Ó kéré."

"Bàbá, ó bá mi mu."

"Lónìí nìyẹn. Àmọ́dún ńkọ́?"

Oníkẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wa, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń ṣẹ́ létí o."

"Ọmọ mi á ga," ni bàbá wí. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ le ju ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọkùnrin náà wá wo ẹyinjú Bọ̀ọ̀dá, ó wo ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, ó sì yára mú àkísà, ó ń nu kẹ̀kẹ́ pupa. Bàbá ní kí Bọ̀ọ̀dá dúró ti kẹ̀kẹ́ pupa náà. Kò lè gbé ẹsẹ̀ sọdá rẹ̀. Ọ̀pá òkè náà dé ìdodo rẹ̀. Bàbá sanwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí gíríìsì ti dà sí, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ọmọ." Nígbà tó dìde, àyà ẹ̀wù rẹ̀ ti dúdú.

Bàbá fi wá sínú ọkọ̀, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ nílé fúnra wọn. A bá wọn lọ́nà, wọ́n ń wa á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí títì. Kẹ̀kẹ́ náà ṣe wẹ́kú wọn. Bọ̀ọ̀dá wò wọ́n títí ọkọ̀ wa fi ré wọn kọjá, lẹ́yìn náà ló yíjú sí iwájú. Nígbà tí Bàbá náà délé, ìyá wa wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n sì padà sídìí agbada dòdò wọn. Wọ́n ní, "Ó dára. Á dàgbà bá a." Èéfín epo bò wọ́n lójú, mi ò sì mọ̀ bóyá èéfín náà ló mú kí wọ́n máa nu ojú.

A gbìyànjú o. Bàbá fi sípánà rẹ ìjókòó sílẹ̀ dé ibi tó lè dé. Wọ́n de pákó mọ́ pẹ́dà méjèèjì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó o, ẹsẹ̀ náà ò tó o. Àwọn ọmọ àdúgbò tó kéré jù ú lọ máa ń ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀pá gun kẹ̀kẹ́ bàbá wọn, ara wọn á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ti alákàn, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti ba ìbàdí Bọ̀ọ̀dá jẹ́, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má kígbe. Nígbẹ̀yìn, ohun tó kù ni pé kí èmi máa tì í. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, màá gbé e gùn, màá di ìdí ìjókòó mú, òun á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa fì dirodiro lókè pẹ́dà.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń tì í báyìí, ó ní, "Kì í ṣe èmi ni Bàbá ra kẹ̀kẹ́ yìí fún."

"Ta wá ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Èmi kan tó ga. Kò sì ní wá."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tẹ aago kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí a máa lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá, kí a tó lọ sí yídì, bàbá máa ń mú un dúró ti kẹ̀kẹ́ náà. Ní Iléyá àkọ́kọ́, ọ̀pá dé ìdodo rẹ̀. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ìdodo náà ni. Èmi ti ń ga nígbà náà, àfi bíi pé ẹnì kan ń fà mí sókè. Bí bàbá bá wà nítòsí, mo máa ń tẹ orúnkún díẹ̀, mo máa ń tẹ ọrùn, kí orí mi má baà yọ ju ti Bọ̀ọ̀dá lọ. Ó bà mí nínú jẹ́ pé mò ń dàgbà. Ìyá wa wá bẹ bàbá lọ́jọ́ Iléyá kejì yẹn, lójú wa báyìí, wọ́n ní, "Ẹ dákun, Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gun èyí tó bá a mu."

Bàbá ní, "Bí mo bá lọ pààrọ̀ ẹ̀, kí ni mo wá ń sọ lójú ọmọ yẹn?"

Ní Iléyá kẹta, bàbá ò pe Bọ̀ọ̀dá sídìí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tí a ń retí mọ́.

Bọ̀ọ̀dá kú nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Kò gun kẹ̀kẹ́ dé Àpòmù, kò gun ún dé ibì kankan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń tọ́jú òkú rẹ̀. Àfáà fi okùn wọn ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì gé aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi sin ín bó ṣe mọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi díẹ̀ lé e. Aṣọ tuntun àkọ́kọ́ tí wọ́n gé tó bá ẹ̀gbọ́n mi mu nìyẹn, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà pariwo.

Nígbà tí èmi náà wọ girama ní Àpòmù, bàbá gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde láti inú yàrá kókó. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tú pákó kúrò lára pẹ́dà, wọ́n gbé ìjókòó sókè. Ọmọbìnrin kì í sábà gun kẹ̀kẹ́ tó ní ọ̀pá lókè bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù kí n sì gbé ẹsẹ̀ sọdá. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹlẹ̀. Ọ̀pá náà ò kàn mí. Wọ́n ní, "Ó bá ẹ mu," wọ́n sì wọlé lọ. Mo gun ún láti Ìkirè dé Àpòmù, ẹkún ni mo sì ń sun dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Kẹ̀kẹ́ náà dára, ó fúyẹ́, ó ń sáré. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gùn ún, bàbá ò dúró wò mí rí, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ṣéènì rẹ̀, inú ilé ni wọ́n ń wọ̀.

Ìgbà tí mo ti bímọ tèmi, ní òpin àwọn ọdún 1990, ni mo tó lè bi wọ́n. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbà lóòótọ́ pé Bọ̀ọ̀dá máa ga?"

Wọ́n ka tẹ̀súbáà náà díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò ní ga. Dókítà ti sọ fún mi kó tó di pé a lọ ra kẹ̀kẹ́. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi mú èyí tó kéré ni?"

Láti ọmọdé ni mo ti rò pé ìrètí ló ra kẹ̀kẹ́ pupa yẹn, àṣé kò sí ìrètí kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, ìbẹ̀rù nìkan ni. Mi ò lè bínú sí wọn. Mi ò sì lè gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa. Wọn kò fẹ́ gba ikú gbọ́ lójú ọmọ wọn, ọmọ náà sì ti gbà á gbọ́ ṣáájú wọn, ohun tó kù tó ń fẹ́ ni kó gun kẹ̀kẹ́.

Ní tèmi, bí mo bá lọ ra bàtà fún àwọn ọmọ mi, mo máa ń ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, èyí tó bá sì bá wọn mu lọ́jọ́ náà ni mò ń rà. Ìyá ọkọ mi ní àpà ni mí, pé kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ á fi tóbi ju bàtà lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ á wọ̀ ọ́ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, á sì máa sáré nínú rẹ̀ kí a tó délé. Bọ̀ọ̀dá mi ò béèrè ju ìyẹn lọ.