Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu

Bàbá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ká ẹsẹ̀ jálámíà rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i, ó sì na ọ̀pá gígùn rẹ̀ sí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ láti òkèèrè. "Da èèpo yẹn sílẹ̀ fún wọn," ó sọ fún ìyá mi. "Pín in sí méjì."

Ìyá mi sọ apẹ̀rẹ̀ èèpo orí rẹ̀ kalẹ̀. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tó máa ń kún ilé wa ní Ìkirè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ti bá wa dé Ararọ̀mí-Òwu níbi tí a ti wá ra ẹlẹ́dẹ̀. Dòdò ni ìyá mi ń dín tà, èèpo rẹ̀ sì ń di òkìtì lẹ́yìnkùlé wa. Ó wò ó títí, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ló yẹ kó máa jẹ ẹ́. Kò sin ẹlẹ́dẹ̀ rí. Bàbá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ìyá mi sì tà kó lè ra akọ kan àti abo kan. Bí wọ́n bá kú, kò sí ẹ̀rọ mìíràn tí a ó tà, ilé-ìwé mi náà yóò sì dúró níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni Bàbá. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í fọwọ́ kàn án, bútà omi rẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹlẹ́dẹ̀ bíi tirẹ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ní Ìkirè-Ilé, ẹlẹ́dẹ̀ ẹnìkan ba oko rẹ̀ jẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ó ṣọ́ wọn títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí wọ́n ń gbà fọ́ ọgbà. Ìbínú ló fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn funfun, tí à ń pè ní àgíríìkì, tóbi, wọ́n sì mọ́, ojú ìyá mi kò kúrò lára wọn. Èmi náà ti yan tèmi nínú wọn. Àwọn dúdú ìbílẹ̀ kéré, ẹnu wọn gùn, ariwo wọn kò sì mọ níwọ̀n.

Àwọn funfun fi imú ti èèpo náà síwá sẹ́yìn, wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibòòji. Oòrùn ti jó ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn pọ́n. Ẹni tó ni wọ́n jẹ́wọ́ pé oúnjẹ inú àpò ni wọ́n mọ̀, ìgbà SAP tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó sì ni, oúnjẹ inú àpò ti kọjá agbára wa. Àwọn dúdú jẹ tiwọn wàmù-wàmù títí kò fi ku nǹkan kan nílẹ̀.

"Dúdú ni kí o mú, ìyàwó," Bàbá wí.

Ìyá mi wò ó. Oko ẹ̀gẹ́ Bàbá ló wà lẹ́yìn ọgbà wa gan-an, gbogbo wa la sì mọ̀ pé dúdú ló máa ń hú ilẹ̀ abẹ́ ọgbà jáde. Ó ní, "Bàbá, ṣé funfun kọ́ ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Ṣé èyí tó máa rọ̀ mí lọ́rùn lo ní kí n bá ọ wá mú?"

Ó yíjú, ó lọ fi omi bútà fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ létí ọ̀nà.

Lọ́dún kejì, abo dúdú tí a mú bí mẹ́jọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kó wọn gba abẹ́ ọgbà jáde, wọ́n sì hú poro ẹ̀gẹ́ méjì. Ìyá mi sáré lọ kúnlẹ̀ láàárín oko. Bàbá wo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ọjọ́ tí mo nọ̀pá sí wọn ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀."

Ó gé ọparun, ó sì bá wa tún ọgbà náà ṣe láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí n kàwé dé ìwé mẹ́wàá. Bàbá ti lọ tipẹ́, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Àwọn ènìyàn máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi báyìí. Kí n tó lanu, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá oko ẹ̀gẹ́ tèmi wà nítòsí. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo lè sọ pé dúdú ni kí wọ́n mú.