Àpá Tí Tẹjúmọ́lá Pè Ní Àpẹ́ńdíìsì

Tẹjúmọ́lá, ìyàwó àbúrò mi Nùrẹ́nì, kì í ṣe òpùrọ́. Iléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ṣàngó ló ti ń di páálí, kò sì sẹ́ni tó lè ní ó jí ẹyọ kan rí. Irọ́ kan ṣoṣo ló pa, ìyá wa ló sì fa irọ́ náà.

Ìyá wa ní ẹnu. Láti ọjọ́ tí Nùrẹ́nì ti mú ọmọbìnrin náà wá hàn wá n'Íjù ni màmá ti ń wí pé obìnrin ilé àwọn kì í gba abẹ bímọ, pé ọ̀lẹ ló ń sá fún ìrọbí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ méjì tí Tẹjúmọ́lá bí fún ọkọ àárọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé méjèèjì jáde. Ó wo ẹnu màmá, ó dákẹ́. Nígbà tí màmá wá rí àpá náà níbi tí Tẹjúmọ́lá ti ń wẹ̀, ìyàwó ní ibi tí wọ́n ti yọ àpẹ́ńdíìsì òun ni.

Irọ́ yẹn ló gbé lọ sí kíníìkì nígbà tó lóyún fún wa. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti gba abẹ bímọ rí. Nítorí màmá jókòó tì í gbágbáágbá, Tẹjúmọ́lá ní rárá.

Oyún náà wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Inú kò run ún, ìrọbí kò mú un. Ó kàn dìde lórí àga níbi iṣẹ́ ni, àga sì ti pọ́n. Wọ́n pè mí lórí fóònù, èmi, màmá àti Nùrẹ́nì sì sáré lọ bá a.

Ní ọsibítù ńlá, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà ní olóbi ọmọ ló sọ̀ kalẹ̀ tó dí ẹnu ilé ọmọ. Ó ní bí àpá abẹ ìbímọ bá wà níbẹ̀, olóbi lè ti wọnú àpá náà bí gbòǹgbò ṣe ń wọ ògiri, pé bí abẹ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fa irú olóbi bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dá mọ́. Nígbà mìíràn, àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ kí ìyá má bàa kú. Ó wá tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó ní àpá kí ni.

Màmá ló dá a lóhùn pé àpẹ́ńdíìsì ni. Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, màmá ń pa làpálàpá.

Mo wo Tẹjúmọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó sọ̀rọ̀.

“Abẹ ọmọ ni, dókítà,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Kíá ni wọ́n ti ń wá ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀gá dókítà. Nùrẹ́nì buwọ́ lùwé pé kí wọ́n yọ ohun tó bá yẹ kí wọ́n yọ, ó ń sunkún bí ọmọdé. A jókòó síta, ẹnikẹ́ni kò lè wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n jáde, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Ilé ọmọ ni wọn kò lè fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá kí wa. Susanna, tí oyún tirẹ̀ náà ti yọ síta, wà láàárín wọn. Màmá gbé ọmọ mọ́ra, ó ń sọ fún wọn pé wẹ́rẹ́ ni ìyàwó òun bí, pé abẹ kankan kò kàn án. Inú bí mi.

Tẹjúmọ́lá gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

“Abẹ ni, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti là mí, wọ́n sì ti yọ ilé ọmọ mi.”

Màmá tẹjú mọ́ ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Susanna rọra fa aṣọ bo ikùn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí fún Tẹjúmọ́lá, “àpẹ́ńdíìsì lèmi náà pe àpá tèmi fún nọ́ọ̀sì.”