Sàídì Lọ́yà, Ògbufọ̀ Odò

Láti ẹsẹ̀ òkè Mápó títí dé Bẹ́yẹrúnkà, kò sí ẹni tí kò mọ Sàídì Lọ́yà. Kì í ṣe lọ́yà o. Fìlà ló ń rán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí rédíò ń pariwo lókè orí, tí Sàídì sì ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, á rò pé ilé ẹjọ́ lòun yà sí. Bí oníbàárà bá ní fìlà há òun lórí, Sàídì á ní “tẹkiníkà pírọ́búlẹ̀mù” ni. Bó bá tún gbòòrò jù, á ní “aláwáǹsì” lòun fi sílẹ̀, nítorí pé orí ọmọ ènìyàn lè wú nígbàkigbà.

Bó ṣe gba orúkọ náà kò ju báyìí lọ. Àwọn ọlọ́pàá mú Afeez, ọmọ àdúgbò kan tó gun ọ̀kadà kọjá ibi tí wọn ò gbà á láyè. Sàídì gbé agbádá wọ̀, ó tọ̀ wọ́n lọ sí tẹ́ṣàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ òyìnbó fún sájẹ́ńtì. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, títí sájẹ́ńtì fi káwọ́ lérí, tó ní kí wọ́n tú Afeez sílẹ̀, kí wọ́n sì bá òun mú bàbá yìí jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àdúgbò ní ẹjọ́ ló rò tó jàre. Sàídì náà gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè.

Bí adìẹ ti ń ṣa àgbàdo ni Sàídì ń ṣa òyìnbó. Èyí tó bá ti kọjá níwájú rẹ̀ ló ń gbé mì. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òkúta ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mutmainnah, ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní Òkè-Àdó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gé adìẹ sínú abọ́, ó fi iyọ̀ àti ata sí i, ó wá da fúláwà sínú àwo pẹrẹsẹ.

“Kí lo fẹ́ fi fúláwà ṣe lára adìẹ?” ni Sàídì bi í.

“Mo fẹ́ dírẹ́jì ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O fẹ́ kí ni?”

“Dírẹ́jì. Kí n fi fúláwà pa á lára yíká kó tó wọnú epo. Òun ló máa jẹ́ kó pọ́n, kí ara ẹ̀ sì le.”

Sàídì jẹ adìẹ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù. Kó tó di ọjọ́ kejì, eruku tó bo àwọn fìlà nínú ṣọ́ọ̀bù ti di pé ọyẹ́ ló dírẹ́jì wọn. Wọ́n gbé ìyàwó kan kọjá, tí àtíkè funfun báláú lójú rẹ̀, Sàídì mi orí, ó ní, “Wọ́n mà dírẹ́jì ọmọ yìí o.” Àwọn tó jókòó tì í kò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n bá mi orí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyẹn ló wà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ odò dé. Odò kékeré kan gba ẹ̀yìn agbo ilé wọn kọjá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, pàǹtí ló kún inú rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á wọlé wá bá wọn lórí ẹní. Ìròyìn wá kàn pé ìjọba fẹ́ tún odò náà ṣe. Dípò kínú wọn dùn, àyà wọn já. Wọ́n ti rí i níbòmíràn: bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ tún nǹkan ṣe, ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀, kó yáa máa di ẹrù.

Ẹni tó ń bẹ̀rù jù ni Ifáyọ̀kẹ́, ìyá àgbà tó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Etí odò gan-an ni ẹbu rẹ̀ wà, àtíbàbà páànù kan tó ti ń jó èèpo kókó di eérú, tó sì ti ń se ọṣẹ nínú ìkòkò irin ńlá. Balùwẹ̀ Sàídì ló tẹ̀ lé e.

Nígbà tó di ọjọ́ ìpàdé tí ìjọba pè, gbogbo wọn pé sí ojúde Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wọn. Ọkọ̀ ìjọba dé, ọ̀gá kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní Ẹnjiníà Olúwajùwọ́nlọ ni. Ọmọ Òkè-Àdó ni. Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta aṣọ níbẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ní iṣẹ́ ìjọba lòun bá wá, èdè ìjọba lòun yóò sì fi jẹ́ ẹ. Ó la ẹnu, òyìnbó ni. Ọmọ Ìbàdàn ló wá bá ọmọ Ìbàdàn sọ̀rọ̀ odò Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń wá ògbufọ̀.

Mọ́gàjí ní, “Sàídì dà?”

Sàídì ti dé iwájú kí orúkọ rẹ̀ tó kúrò lẹ́nu bàbá.

Ẹnjiníà sọ gbólóhùn gígùn kan. Sàídì gbọ́ “gọ́fúmẹ́ǹtì” nínú rẹ̀, ó gbọ́ “ríifà”, lẹ́yìn náà, bí ẹni pádé ọ̀rẹ́ nínú èrò Ọjà'ba, ó gbọ́ “dírẹ́jì”. Ara rẹ̀ yá gágá.

“Ẹ̀yin ará ilé,” ló wí, “ọ̀gá ní ìjọba kí yín. Wọ́n ní wọn yóò dírẹ́jì odò yìí. Dírẹ́jì yìí, ẹni tí kò bá kàwé kò lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́búlẹ́bú kan ni, funfun bíi fúláwà. Wọn yóò fi pa odò lára yíká. Bí wọ́n bá ti dà á sí i báyìí, ẹ̀fọn kú, òórùn kú, omi á sì dì mú, kò ní lè wọlé mọ́.”

Gbogbo ojúde hó yèè. Ẹnjiníà wo Sàídì, ó wo èrò, ó fi ìka tọ́ka sí etí odò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún sọ̀rọ̀. Èyí tí Sàídì gbámú nínú ìyẹn kò ju “kílíà” lọ.

“Ó ní etí odò á mọ́ tónítóní, á kílíà bíi dígí.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ bá dìde. “Sàídì, bá mi bi wọ́n. Ṣé wọn ò ní fọwọ́ kan ẹbu mi?”

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti gún Sàídì láyà bí abẹ́rẹ́ tó gba àtàǹpàkò kọjá. Ó rántí ìka tí ọkùnrin náà nà sí etí odò. Bí òun bá bi í, ọkùnrin náà lè fi ohun tí òun ò ní gbọ́ dáhùn, ojú gbogbo èèyàn á sì wà lára òun. Ó wo Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè.

“Ìyá, lẹ́búlẹ́bú mà ni. Ṣé lẹ́búlẹ́bú ló máa wó àtíbàbà?”

Wọ́n fi ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mọ́gàjí gbàdúrà fún ìjọba, ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lórúkọ gbogbo agbo ilé, ẹnjiníà sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Sàídì wà nínú balùwẹ̀, ọṣẹ bo ojú rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìró kan bí ẹni pé òkè Mápó fẹ́ ṣí nípò. Ó bu omi bọ́jú. Ògiri balùwẹ̀ ń mì. Bó ṣe fa táwẹ̀lì mọ́ra tó sá jáde ni eyín katapílà kó ògiri náà, ó kó garawa, ó kó kàn-ìn-kàn-ìn, ó sì dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sàídì dúró sáàárín ẹrẹ̀, ó ń na ọwọ́ kan, ó fi èkejì di táwẹ̀lì mú. “Dírẹ́jì! Dírẹ́jì la ní kẹ́ ẹ wá ṣe!”

Awakọ̀ yọrí. “Bàbá, ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ kúrò lọ́nà.”

Ẹbu ló kàn. Páànù wó, apẹ̀rẹ̀ eérú dojú dé, àdín àti ọṣẹ tí kò tíì dì dà sínú odò. Odò náà hó, ìfófó funfun gbalẹ̀ kan. Ìkòkò irin ńlá là sí méjì. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó sórí òkúta kan, ó ń wo ìfófó náà bó ṣe ń ṣàn lọ.

Mutmainnah ló tú ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀ nínú ilé. “Bàbá, ọ̀nà méjì ló ní. Dírẹ́jì ti ìdáná wà, ti odò wà. Ti odò, kí wọ́n wa ẹrẹ̀ àti pàǹtí inú ẹ̀ kúrò ni. Kí wọ́n sì kílíà etí odò, kí wọ́n wó ohun tó wà níbẹ̀ ni.”

“O ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!”

“Adìẹ lẹ bá lọ́wọ́ mi, Bàbá. Kì í ṣe odò.”

Kò pẹ́ tí Sàídì fi mú ọ̀nà ọ́fíìsì ẹnjiníà pọ̀n. Kì í ṣe pé ìgboyà sọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló di etí agbádá rẹ̀ mú láti ilé. Olúwajùwọ́nlọ ń jẹ mọ́ín-mọ́ín lórí tábìlì. Yorùbá tó fi dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà dán mọ́rán, kò sí òyìnbó kankan nínú rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ni Sàídì wí, “ẹ gbọ́ Yorùbá báyìí, ẹ sì gbọ́ mi nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ fúláwà?”

“Mo gbọ́ yín, Bàbá.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dá mi dúró?”

“Wọ́n ń pàtẹ́wọ́,” ni ẹnjiníà wí. “Níbi tá a ti kọ́kọ́ lọ, òkò ni wọ́n fi lé wa. Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ tiyín, pàtẹ́wọ́ ni. Ta ló máa dá pàtẹ́wọ́ dúró? Mọ́gàjí yín sì ti gbà.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. “Èyí ò gbọ́, ó ní òun gbọ́. Èyí gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹbu tèmi ló wó.”

Ẹnjiníà ní kí wọ́n máa lọ, pé òun yóò bá wọn fi tó àwọn ọ̀gá létí. Bóyá ó fi tó wọn létí, etí wọn ló mọ̀.

Iṣẹ́ odò náà sì parí. Wọ́n kó ẹrẹ̀ jáde, wọ́n kó o jọ gègèrè sí ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn, àwọn ẹni ńlá ńlá ìjọba wá, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Wọn ò wá kó òkìtì náà mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló bá wọn kó o, ó dá gbogbo rẹ̀ padà sínú odò, omi sì wọlé bó ṣe ń wọlé.

Orúkọ Lọ́yà kú. Fúláwà ni wọ́n ń pe Sàídì báyìí, láti Mápó dé Ọ̀rányàn. Àwọn ọmọdé a máa fi kí i. Ó kọ́kọ́ ń bú wọn; nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ń jẹ́ ẹ.

Ní ti Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kò bi Sàídì kó tó ṣe ohun tó ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ààrò àti ìkòkò tuntun sí iwájú ilé Sàídì, ó to apẹ̀rẹ̀ eérú sábẹ́ fèrèsé yàrá Sàídì, ó sì fọn iná. Ìyàwó Sàídì, Àṣàkẹ́, ló fún un ní àpótí ìjókòó. Èéfín wọ pálọ̀, ó wọ inú gbogbo fìlà funfun tí Sàídì kó sílé. Sàídì jáde, ó la ẹnu.

“Sàídì,” ni ìyá wí, kò gbójú sókè, “bá mi ti igi yẹn bọ iná.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti igi bọ iná. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní bí òun bá ti rí ilẹ̀ níbòmíràn, òun yóò kó kúrò. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ náà o. Ìkòkò kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.